Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Dín In Kù: Gáàsì, Iná àti Oúnjẹ Ilé

Láti May 29, 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí lítà kan tí kò tó 200 naira ṣàdédé fò kọjá 480, kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ̀ gbówó lórí, ọjà tẹ̀lé e. Ní April 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná tún gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bíi 68 naira lọ sí 225 naira lórí yúnìtì kan. Wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn "ẹ ṣọ́wó ná" wá gba gbogbo ìgboro, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju pé ká dín oúnjẹ kù lọ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe inú àwo ọmọ ni owó ń gbà lọ. Ẹnu kóńgò ló ń gbà, ìdí sílíńdà gáàsì, àti ara wáyà tó wà nínú ògiri. A kì í rí i nítorí pé a kì í wọ̀n ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ní kí ilé rà ni ìwọ̀n kékeré alákọ́, irú èyí tí àwọn tó ń wọkọ̀ òfuurufú fi ń wọn ẹrù, tó lè gbé tó kílò 50. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Nítorí náà, ẹ so omi onígò lítà 1.5 mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí pọ̀, kí ẹ gbé e kọ́ ìwọ̀n náà. Kílò 9 àti díẹ̀ ló yẹ kó kà, díẹ̀ yẹn sì jẹ́ ti àwọn ike. Bó bá ka 8 tàbí 10, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má fi omi inú ọ̀rá dán an wò, torí kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló pé 50cl.

Gáàsì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lára irin tí a fi ń di sílíńdà mú, ẹ óò rí nọ́ńbà kan tó tẹ̀lé lẹ́tà T.W. Ìwọ̀n sílíńdà náà nìyẹn nígbà tó bá ṣófo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní 15.2 ni wọ́n tẹ̀ sí tiyín, tí sílíńdà sì ti gbẹ pátápátá, bí ẹ bá san owó kílò 12.5, 27.7 ló gbọ́dọ̀ kà nígbà tí ẹ bá gbé e délé. Bó bá ka 26.9, kílò 0.8 ni ẹ kò rí gbà. Tí kílò kan bá jẹ́ 1,200 naira, 960 naira ti bọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ jìbìtì o. Ìwọ̀n tí kò jókòó dáadáa lórí ilẹ̀ a máa ṣì ka. Rọ́bà ẹ̀rọ tó wúwo tó sì ń wọ́ sílíńdà nílẹ̀ a máa mú kó kà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn mìíràn kì í dá ìwọ̀n padà sí 0 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé sílíńdà lé e, nọ́ńbà T.W. ni wọ́n kàn ń tẹ̀ wọlé. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ rí 0 pẹ̀lú ojú ara yín kí wọ́n tó ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Bí gáàsì kílò kan bá ṣì kù nísàlẹ̀, kílò 11.5 ni kí ẹ rà. Sílíńdà tó kún àkúnjù léwu, torí gáàsì tó jẹ́ olómi nínú rẹ̀ nílò àyè láti fẹ̀ bí oòrùn bá mú. Àwọn tó ń fa gáàsì láti inú sílíńdà ńlá sínú kékeré létí títì, ẹ yẹra fún wọn. Bí iná bá ṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè sá, owó kílò wọn sì sábà máa ń ju ti ilé gáàsì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wọn sílíńdà ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìdáná. Ohun tó dín láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì ni gáàsì tí ilé yín ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ tó bá ṣàdédé fò sókè, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ àlejò tàbí ẹ̀wà tó pẹ́ lórí iná, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ń jò. Ẹ fi ọṣẹ pò omi kó hó, kí ẹ fi kànrìnkàn pa á sí ẹnu rẹ́gúlétọ̀, sí ibi tí rọ́bà ti wọ sítóòfù, àti gbogbo ara rọ́bà náà. Ibi tó bá ń yọ ifófòó ló ń jò. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wá a. Rọ́bà dúdú róbótó kékeré inú ẹnu sílíńdà ló sábà máa ń fà á: ó ń gbẹ, ó ń là, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí gáàsì bá fẹ́ tán, ẹ má dojú sílíńdà délẹ̀, ẹ má sì mì í. Olómi ló máa wọ inú rẹ́gúlétọ̀, iná tó sì máa bù sókè kì í ṣe èyí tí apá yóò ká.

Iná tó dára a máa jẹ́ búlúù. Bó bá ń pọ́n, tí ìdí ìkòkò ń dúdú, gáàsì yẹn kò jó tán, owó yín ló ti di èédú sídìí ìkòkò. Ẹ yọ ojú iná kúrò, ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí àwọn ihò rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Iná tó bá yọ kọjá etí ìkòkò, afẹ́fẹ́ ló ń sè. Bí omi bá sì ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀ kí ẹ dé ìkòkò. Omi tó ń hó gùdùgùdù kò gbóná ju èyí tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ, òru lásán ni gáàsì yòókù ń dà.

Ẹ̀wà ló ń jẹ gáàsì jù nínú ilé Yorùbá. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 6 sí 8, kí ẹ da omi náà nù. Bí ẹ bá gbàgbé láti rẹ ẹ́ lóru, ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ pa iná, ẹ dé e pa fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tún gbé e kaná. Ó ń rọ̀ láìsí pé iná ń jó ní gbogbo wákàtí yẹn. Èyí tó ti rẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá ní pressure pot, lè jinná láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 25 lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Àmọ́ ẹ̀wà àti omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò náà, nítorí ifófòó ẹ̀wà a máa dí ihò tí òru ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Káún máa ń mú un yá, ṣùgbọ́n ó ń pa lára èròjà aṣaralóore inú ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi kò nílò rẹ̀.

Ata náà wà níbẹ̀. Omi tí ẹlẹ́rọ bá dà sínú ata nígbà tó ń lọ̀ ọ́, gáàsì yín ni yóò fi gbẹ. Ẹ ní kó kọ́kọ́ da tòmátì àti tàtàṣé sẹ́nu ẹ̀rọ, kí omi ara wọn fa rodo àti àlùbọ́sà lọ. Ata tó bá ki bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ kì í pẹ́ lórí iná rárá.

Ó ku iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fẹ̀sùn kan mítà pé ó ń sáré, láìmọ̀ pé mítà náà fúnra rẹ̀ lè sọ ohun tó ń jẹ yúnìtì. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh tàbí òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni iye ìgbà tí yóò ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó tán. Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, kí ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, ká sọ pé fáànù. Ẹ wo aago, ẹ ka ìṣẹ́jú 6, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú. Lórí mítà 1000, ẹ fi 10 ṣe ìlọ́po rẹ̀, iye wáàtì tí ẹrù náà ń fà nìyẹn: bó bá ṣẹ́jú ní ìgbà 7, wáàtì 70 ni. Lórí mítà 1600, 6.25 ni kí ẹ fi ṣe ìlọ́po. Fún firíìjì, ẹ kà á fún odindi wákàtí kan, torí ó ń sinmi, ó sì ń ṣiṣẹ́; kí ẹ wá pín iye tí ẹ kà sí 10 kí ẹ tó ṣe ìlọ́po yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa gbogbo nǹkan, tẹlifíṣọ̀n àti dẹ̀kódà pẹ̀lú, kí ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ògiri, ṣùgbọ́n kí bírékà ṣì wà ní títan. Kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú mọ́. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pa bírékà. Bó bá dúró, wáyà inú ilé ló ń jò, tàbí ẹnìkan ti fa wáyà lára tiyín. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè, kó máa tan ojú bírékà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí yàrá tó wà. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tí bírékà ti kú, láti mítà sí bírékà ni ìṣòro wà, ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ má fọwọ́ kan èdìdì ara mítà. Ẹ̀sùn tó máa ti ibẹ̀ jáde wọ́n ju yúnìtì lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: wáàtì ní ìlọ́po wákàtí, kí ẹ pín in sí 1,000, yúnìtì nìyẹn. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 tó ń tàn fún wákàtí 5 lójúmọ́ ń jẹ yúnìtì 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́. LED wáàtì 9 ń jẹ 1.35. Bí gílóòbù bá jẹ́ márùn-ún nínú ilé, yúnìtì 38 àti díẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ fi owó yúnìtì kan tó wà lórí rìsíìtì yín ṣe ìlọ́po rẹ̀, kí ẹ má gbàgbé pé owó orí VAT 7.5% tún wà lórí rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná ni ọ̀tá yúnìtì: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, àti irin ìgbómigbóná tí a ń tì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì. Irin wáàtì 1,500 tó wà nínú omi fún ìṣẹ́jú 20 ti jẹ ìdajì yúnìtì. Bí ẹni mẹ́rin bá ń wẹ omi gbígbóná láràárọ̀, yúnìtì 60 nìyẹn lóṣù. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ wẹ omi gbígbóná, kí àwọn tó lókun wẹ èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ lọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan láràárọ̀, torí gbígbóná àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ ń rà lójoojúmọ́.

Ti firíìjì, ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti rọ tàbí ó dọ̀tí, òtútù ń jáde, ẹ́ńjìnnì kò sì ní sinmi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ máa ń tún un ṣe nígbà mìíràn. Ẹ sún un kúrò lára ògiri, kí ẹ gbá eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Fírísà tó ṣófo, ẹ kó ike omi kún un. Omi dídì ni yóò gbé òtútù ró bí wọ́n bá mú iná lọ.

Ọjà oúnjẹ ló kàn, kóńgò ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kóńgò kan kì í dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Àwọn kan ti fi òlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ kí wọ́n tó wọn nǹkan sí i, ẹ óò rí i bó ṣe wú sókè láàárín. Ohun tó lè gbà yín ni kí ẹ gbé ohun tí ẹ rà kọ́ ìwọ̀n, kí ẹ sì pín owó rẹ̀ sí kílò. Ẹ̀wà kóńgò kan tó jẹ́ 2,700 naira tó sì wọn kílò 1.5, 1,800 ni kílò rẹ̀. Ti ìsọ̀ kejì tó jẹ́ 2,600, tó wá wọn kílò 1.3, 2,000 gééré ni. Èyí tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ rà torí pé ó fi 100 naira dín ló wọ́n jù. Ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ óò ti mọ oníbàárà tí ẹ máa dúró tì.

Bí owó àpò odidi kò bá sí, kí ilé mẹ́rin dáwó jọ ra ìrẹsì kílò 50, kí kálukú gba kílò 12.5. Kí gbogbo yín wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n, kí àpò náà sì ti gorí ìwọ̀n kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan máa ń tú àpò dì. Páálí ẹja tútù náà lè lọ bẹ́ẹ̀.

Àpò ẹ̀wà ló ń dun àwọn tó fẹ́ ṣọ́wó ná jù, nítorí kòkòrò. Kòkòrò yẹn kì í ti ilé yín wá, inú oko ló ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ wo èèpo ẹ̀wà dáadáa: ẹ óò rí ẹyin funfun tíntín tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdin á ti inú ẹyin yẹn lu wọnú ẹ̀wà, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, á sì di kòkòrò tó ń yọ ihò róbótó jáde ní bí oṣù kan. Tí ẹ bá ti rí ihò, èyí tí ẹ kò rí inú rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ẹ ṣa ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń mú, kí ẹ da ẹ̀wà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Láti aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán lọ́jọ́ tí oòrùn mú gan-an, ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn máa ń pa ẹyin àti ìdin. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o pamọ́. Ẹ̀wà gbígbóná tí a dé pa a máa làágùn, yóò sì bu.

Inú kẹ́ẹ̀gì ike tó gbẹ ni kí ẹ dà á sí, kó kún dé ẹnu, kí ẹ ki ọ̀rá bọ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Kòkòrò ń mí bí a ṣe ń mí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ṣe àpò PICS, tó ní ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ló dára fún ilé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó yín jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí kẹ́ẹ̀gì ńlá tí a ń ṣí lójoojúmọ́ ń gba afẹ́fẹ́ tuntun sínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Sniper sí oúnjẹ. Oògùn apakòkòrò tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú ẹ̀wà Nàìjíríà tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2015, NAFDAC sì fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ 100ml ní 2019. Fífọ̀ kò mú un kúrò tán.

Gàrí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un yan díẹ̀ bó bá rọ̀, kó tutù, kí ẹ dé e pa. Iṣu kò fẹ́ ìdépa rárá: orí pákó ni kí ẹ tò ó sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ máa já ọ̀mùnú rẹ̀ bó bá ti ń yọ.

Ohun tí mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dín kù ni ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ṣàwá tí ọmọ ń jẹ. Kéréètì ẹyin jẹ́ 30. Ẹ fi 30 pín owó rẹ̀, kí ẹ fi ohun tó jáde wé owó mínírà ìgò kan, ẹ óò mọ èyí tó yẹ kó fi tábìlì sílẹ̀.

Omi mímu: àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20, yẹ kó jẹ́ lítà 10. Ike dispenser jẹ́ lítà 18.9. Ẹ pín owó méjèèjì sí lítà kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan wọ́n. Ní báńkì, láti March 1, 2025 ni 100 naira ti wà lórí owó tó tó 20,000 tí a bá gbà lẹ́nu ATM báńkì mìíràn tó wà nínú ọgbà báńkì náà, ẹni tó bá sì gba 5,000 náà yóò san án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin 5,000 jẹ́ 400 naira, ẹ̀ẹ̀kan 20,000 jẹ́ 100. Ẹnu ẹ̀rọ báńkì tiyín, ọ̀fẹ́ ni.

Owó tí ẹ bá rí yọ nínú gbogbo èyí, ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọjà ọ̀la ni yóò jẹ ẹ́. Alájọ ojoojúmọ́ máa ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù. Ẹni tó dá 1,000 fún ọjọ́ 31 yóò gba 30,000, 1,000 náà sì jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró lórí owó. Fún ẹni tó lè dúró, èsúsú láàárín àwọn tó mọ ara wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni, ó kàn jẹ́ pé kí ẹ mọ oṣù tí ẹ máa kó. Láti February wọ May ni ẹyìn máa ń pọ̀, tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25 máa ń rọ̀ díẹ̀. Láti December sí March ni tòmátì Kadawa ní ìpínlẹ̀ Kano àti agbègbè rẹ̀ ń wọlé rẹpẹtẹ, kí òjò tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Láti nǹkan bí August ni iṣu tuntun ń kún ọjà. Bí wọ́n bá ń pín nọ́ńbà èsúsú, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún March tàbí August, kí ẹ sì ti fọ kẹ́ẹ̀gì yín sílẹ̀, kó ti gbẹ.